Bàbá Ràfátù àti Iná tó Kórìíra Afẹ́fẹ́

Ọdún tí ìjì ká páànù orí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tó lọ kó o lé orí igi òrí lẹ́yìn ilé Lásísì, ọdún yẹn ni ẹ̀rọ náà wọ ilé wa. Àmínátù, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ní kí n sọ iye ọdún rẹ̀. Mo ní n kò kàwé, ìjì ni mo kà. Páànù ṣì wà lórí igi, àwọn ọmọ ṣì ń sọ ọ́ lókùúta kó lè máa dún, nígbà tí mọ́tò kan láti Èkó já páálí ńlá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ṣakí. Sùlé, àkọ́bí mi, bàbá Àmínátù, ló fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ. Àmínátù ní òun fẹ́ mọ irú ẹni tí bàbá àgbà òun jẹ́. Kò jẹ̀bi. Èkó ni wọ́n bí i sí, iléyá sí iléyá ló ń rí wọn. Ẹni tó bá ń rí èèyàn ní iléyá nìkan, aṣọ tuntun ẹni náà ló mọ̀.

Jórinjórin ni wọ́n. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí wọn, ìdí ẹwìrì ni wọ́n ti kọ́ rírìn. Nígbà tí iná mànàmáná dé, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ìjórin, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Géètì ni wọ́n ń jó, fèrèsé, àti ìdí ọkọ̀ tó ń kó iṣu. Wọn kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ ta géètì rẹ̀ wò. Ìbáà jẹ́ ilé ọ̀fọ̀, ìbáà jẹ́ ilé ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí a lọ kí àwọn àna wa ní Ìsẹ́yìn, wọ́n ta géètì onígéètì, ìkọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ gbàà. Ìtìjú bá mi.

"Bàbá Ràfátù, àlejò mà ni wá o!"

Wọn kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Olè náà, àlejò ni. Ó sàn kí n kọ́kọ́ ta á."

Bàbá Ràfátù ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ Sùlé ni àkọ́bí. Ó yẹ kí wọ́n máa jẹ́ Bàbá Sùlé. Ṣùgbọ́n Ràfátù, àbíkẹ́yìn wa, ni àwọn èèyàn ń rí lẹ́yìn wọn nígbà gbogbo. Ibà kan ló mú ọmọ náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀-tẹ́. Ibà lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì bá a lọ. Láti ìgbà náà, bàbá rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n. Èmi náà pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà ju ẹ̀yìn mi lọ, ẹ̀yìn wọn gbà á. Wọ́n pọ̀n ọ́n lọ ilé-ìwé, wọ́n pọ̀n ọ́n lọ ilé kéwú, wọ́n pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ìránṣọ.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ títí. Lásísì, àbúrò wọn, tí kò fi iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ sílẹ̀ ní tirẹ̀, á kígbe láti ìdí ẹwìrì: "Ẹ wo abiyamọ onírùngbọ̀n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò kúkú ra ọ̀já!"

Wọn á dáhùn láìdúró: "Yá mi ní ti ìyàwó rẹ. Ó pẹ́ tí kò ti rí nǹkan fi í ṣe."

Ọmọ ń dàgbà, ẹ̀yìn ń gbó. Sùlé ra àga oníkẹ̀kẹ́ kan ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fún irú ilẹ̀ tiwa. Òkúta ìdí àpáta jẹ táyà rẹ̀ tán kí òjò ọdún náà tó dá. A tún padà sí ẹ̀yìn bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń pọ̀n ọ́n bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, orúnkún wọn yẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ wá sílé wa. Àwọn méjèèjì yí gbiiri sínú iyanrìn. Ràfátù ń rẹ́rìn-ín, kí bàbá rẹ̀ má baà sunkún ni. Mo sáré bá wọn.

"Bàbá Ràfátù, ọmọ yìí ti wúwo jù fún yín."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò lára fìlà wọn. "Òun kọ́ ló wúwo, Ìyá Ràfátù. Ilẹ̀ ló ti ń pè mí."

Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n fẹ́ fi irin ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún un, èyí tí yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí, tí táyà rẹ̀ á nípọn bíi ti ọ̀kadà, tí òkúta kò ní lè jẹ. Wọ́n fẹ́ ṣe é kí ilẹ̀ tó pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá ń jẹun, wọn á dá òkèlè dúró: "Bí mo bá lọ láìṣe é, ta ni yóò pọ̀n ọ́n?" Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù wọn sì le jù fún un, ṣe ló ń dá ihò sí i. Ìdí nìyẹn tí Sùlé fi ra ẹ̀rọ tuntun ránṣẹ́, èyí tí wọ́n lè lò nínú ilé.

Mo kọ́kọ́ bá wọn jà lórí rẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi iná jó ìta títí, ó wá ku yàrá!" Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lóòótọ́, etí wọn ti ń lọ. Òòlù ìgbà èwe àti ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà. Bí mo bá pè wọ́n wá jẹun tí wọn kò dáhùn, wọn á ní èmi ni ohùn mi ti rẹlẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ogbó ti bẹ̀rẹ̀ lára mi. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí bí ẹni ń wo ara ọmọ tó ní ibà. Èmi á ní ṣé wọn kò gbọ́ ariwo tó ń pariwo ni?

"Mo gbọ́ ọ," wọn á ní. "Ọwọ́ mi gbọ́ ọ."

Ẹ̀rọ náà kò jọ ti ṣọ́ọ̀bù. Wáyà ló ń jẹ, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká bí òwú ìránṣọ. Bí èèyàn bá fi ìka tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, òun fúnra rẹ̀ á máa ti wáyà jáde, iná á sì máa yọ́ ọ mọ́ irin. Okùn kan wà lára rẹ̀ tó ní ẹnu bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, òun ló ń bu irin náà ṣán kí iná lè rí ọ̀nà gbà. Sílíńdà gáàsì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gáàsì náà ń fẹ́ jáde ní ẹnu kan náà tí wáyà ń gbà. Gbogbo wa rò pé oúnjẹ iná ni, bíi gáàsì tí àwọn tó ń lu ara mọ́tò ń lò.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà sí i, Ràfátù ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Sùlé lórí fóònù fún wọn. Wọ́n há wáyà náà mọ́ inú ẹ̀rọ pinpin, bí ẹni ń di ẹrù sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan tó jáde; inú lọ́hùn-ún ni wáyà ń lọ́ pọ̀ sí bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ràfátù bú sẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ há a jù! Maṣíìnì mi náà kì í ránṣọ bí mo bá há òwú rẹ̀ báyìí. Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n bá yín dẹ̀ ẹ́."

Ó fa wáyà tó lọ́ náà jáde, ó gé ẹnu rẹ̀ kó dán, ó dẹ ibi tó fún un, ó wá fi ìka tọ́ ọ sọ́nà. Wáyà yọ orí jáde jẹ́ẹ́jẹ́ bí ìgbín. Bàbá rẹ̀ wò ó, wọ́n tún un wò. Wọ́n na ọrùn sórí ògiri, wọ́n ké sí àbúrò wọn:

"Lásísì! Ẹni tí mò ń pọ̀n ti ń kọ́ mi níṣẹ́!"

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí. Ẹnu àgbẹ̀dẹ ni. Àgbẹ̀dẹ ìdílé wọn wà níwájú ilé, ẹnu rẹ̀ sì kọjú gan-an sí ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Àwọn baba wọn ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa bá ẹwìrì ṣiṣẹ́. Ní ilé wọn, bí wọ́n bá bí ọmọkùnrin, ibẹ̀ ni wọn á kọ́kọ́ gbé e lọ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lójú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá dá iná irin síbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Níbo ni à bá tún gbé iná sí?

Ẹnu àgbẹ̀dẹ náà ni wọ́n ti jó kẹ̀kẹ́ Ràfátù, ọyẹ́ ń fẹ́ fìì-fìì. Mò ń dín dùǹdú tí mò ń tà lójúde, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rọ náà: pà, pà-pà, ṣíọ̀, pà. Ara mi kò lélẹ̀. Epo tó bá ń dún báyìí, omi wà nínú rẹ̀, á ta sí èèyàn lára láìpẹ́. Mo lọ fọwọ́ kan ọkọ mi léjìká.

"Bàbá Ràfátù, ohun tí ẹ̀ ń dín yìí kò dún ire létí mi."

Wọ́n ṣí ìbòjú. "Irin ni mò ń jó, iṣu ni ìwọ ń dín. Padà sídìí agbada rẹ."

Mo padà.

Wọ́n kun kẹ̀kẹ́ náà ní ọ̀dà aró. Ọjọ́ tí Ràfátù jókòó lé e, àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú orin. Ojú ọ̀nà kún. Mo rí bàbá rẹ̀ tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ara wọn, bí ẹni ń wá ohun tó máa ń wà níbẹ̀.

Kò pé oṣù kan. Ràfátù ń bọ̀ nílé, ó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ibi tí orúnkún bàbá rẹ̀ ti yẹ̀. Irin abẹ́ àga já. Kẹ̀kẹ́ pín sí méjì. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ, ló fi gba ilẹ̀, egungun rẹ̀ sì ṣẹ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Bàbá rẹ̀ kò bá wa lọ.

Nígbà tí mo dé, wọ́n jókòó sẹ́nu àgbẹ̀dẹ, irin tó já náà wà lórí itan wọn. Wọ́n ti là á gba ojú ibi tí wọ́n jó. Òkè rẹ̀ dán, ó wú bí ojú egbò tó ti jinná. Inú rẹ̀ wá jẹ́ kìkì ihò, bí afárá tí wọ́n ti fún oyin rẹ̀. Wọ́n bu eérú nílẹ̀, wọ́n jù ú sókè. Ọyẹ́ gbé e lọ. Wọ́n ń wo ibi tí eérú náà ń lọ, omi ń dà lójú wọn, wọn kò nù ún.

"Gáàsì yẹn kì í ṣe oúnjẹ iná," ni wọ́n wí. "Aṣọ rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ ni mo fi ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Iná baba mi ń jẹ afẹ́fẹ́, Ìyá Ràfátù. Èyí ń kú sí i lọ́wọ́."

Bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo sọ nípa wọn, èyí tó kàn yìí ni n ó sọ. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ kan náà, lẹ́nu àgbẹ̀dẹ kan náà, jó àkàsọ̀ tẹ́ńkì omi mọ́ṣáláṣí, èyí tí àwọn ọmọ kéwú ń gùn lọ fọ tẹ́ńkì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn ti ń ṣe àlùwàlá, wọ́n bá Bàbá Ràfátù lórí àkàsọ̀ náà tí wọ́n ń fi ayùn gé e kalẹ̀. Inú bí àwọn kan. Wọ́n ní ṣé ọjọ́ Jímọ̀ ló yẹ kí èèyàn wá ba nǹkan ilé Ọlọ́run jẹ́? Ìmáàmù fúnra wọn jáde wá.

"Bàbá Ràfátù, àkàsọ̀ yìí mà dúró dáadáa. Ẹ wò ó, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì bó."

Ọkọ mi tẹrí sísàlẹ̀, wọ́n ní kí Ìmáàmù tún un sọ sí àwọn létí. Ìmáàmù tún un sọ.

"Ràfátù náà jókòó dáadáa, Àlùfáà," ni wọ́n dáhùn, "kó tó ṣubú."

Ẹ̀rọ àtijọ́ ti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi jó àkàsọ̀ mìíràn. Wọ́n wá ká ẹní bo ẹ̀rọ tuntun náà mọ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láyé. Géètì pàápàá, wọn kò ta á mọ́. Wọn á kàn jókòó, wọn á máa wo ọwọ́ Ràfátù nínú igi tí àwọn tó ń to egungun fi dè é.

Ràfátù ló jí wọn. Ó sún mọ́ wọn lórí ẹní, ó kígbe sí wọn létí: "Bàbá, ọwọ́ mi á jinná. Ṣùgbọ́n mo ti fi ara mi rìn lójú títì rí báyìí, n kò padà sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé ẹ ó tún un ṣe ni, àbí kí n máa wọ́ lọ ṣọ́ọ̀bù?"

"Ẹ̀rọ náà ń ké nígbà tí mò ń jó o," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ gbọ́ ọ. Èmi kò gbọ́, mo sì lé e padà. Etí mi ti lọ, Ràfátù."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi bí àlejò. Ilé ìdáná náà ní ògiri yíká, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, ọyẹ́ kì í rí ọ̀nà wọ ibẹ̀.

"Ìyá Ràfátù, mo wá yá ilé ìdáná rẹ."

"Ilé ìdáná nìkan?"

"Àti etí rẹ."

Mo kó ìkòkò àti epo àti igi mi jáde pátá. A ṣí ihò òkè ògiri sílẹ̀ kí èéfín lè rí ọ̀nà lọ. Wọ́n fi yẹpẹ àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ irin títí ìpẹtà fi tán lára rẹ̀. Ràfátù jókòó ti ẹ̀rọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí kókó tó ń mú kí wáyà yára tàbí kó lọ́ra, aṣọ dúdú ló fi bojú. Èmi kọ ẹ̀yìn sí iná, mo kọjú sí ògiri. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Pà-pà-pà! Mo na ọwọ́ òsì sókè: rárá. Wáyà yára jù. Ràfátù yí i. Pọ́kọ́, pọ́kọ́. Rárá o. Ó lọ́ra jù. Ó tún un yí díẹ̀. Ó wá dún ṣáááá, bí ìgbà tí iṣu wọ epo tó gbóná tó, tó ń hó tí kò ta. Mo na ọwọ́ ọ̀tún: òun nìyẹn.

A gé àkọ́jó náà wò. Inú rẹ̀ dì. Kò sí ihò kan.

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, ọwọ́ wọn, ọwọ́ ọmọ, etí mi. Wọn kò fi ìkánjú jó o. Wọn á fi ẹyọ iná kan dì í níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, kí irin má baà tẹ̀. Ràfátù ní ó ti ń pẹ́. Wọ́n ní, "Irin tí o bá fipá jó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn ló máa kọ sí ọ."

Nígbà tó parí, wọn kò jẹ́ kí Ràfátù gùn ún. Àwọn fúnra wọn ló ti kẹ̀kẹ́ náà dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n jókòó sínú rẹ̀, wọ́n sì yí i sọ̀ kalẹ̀, bùbá wọn ń fẹ́ lẹ́yìn, ọwọ́ wọn kan di fìlà mú. Àwọn ọmọdé ń pariwo.

Lásísì di orí mú. "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé orí yín pé?"

Wọ́n dúró gbọin nísàlẹ̀, wọ́n sì ta kẹ̀kẹ́ náà nípàá. "Ẹni tó bá máa ṣubú, kó jẹ́ èmi."

Òjò bíi mélòó kan ti rọ̀ sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n lọ. Àyà ló ń dùn wọ́n. A gbé wọn lọ ọsibítù, a gbé wọn bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà wọ́n ní dùǹdú ń wu àwọn. Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀ gbayawu kí n lè máa rí wọn lórí ẹní bí mo ti ń dín in. Wọ́n yíjú sí mi. Ohùn wọn ti wá rẹlẹ̀ ju tèmi lọ.

"Ìyá Ràfátù, ṣé ó ń dún dáadáa?"

N kò mọ̀ bóyá epo ni wọ́n ń bèèrè, tàbí ẹ̀rọ. Mo na ọwọ́ ọ̀tún sókè kí wọ́n lè rí i. Wọ́n rí i. Wọ́n mi orí díẹ̀, wọ́n sì pa ojú dé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó ju ìbòjú sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Iṣu náà jóná sínú epo. N kò dé ìdí rẹ̀ mọ́.

Obìnrin kì í bá òkú dé ibi ìsìnkú níbí. Ràfátù fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a tì í. Ibẹ̀ ló dúró sí títí àwọn tó sìnkú fi padà.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, gbogbo àwọn ọmọ mi jókòó sí ìyẹ̀wù mi. Sùlé ti gbé àga oníkẹ̀kẹ́ tuntun bọ̀ láti Èkó, ó ń dán, táyà rẹ̀ nípọn. Ó ní kẹ̀kẹ́ ti bàbá ti gbó, ọ̀dà rẹ̀ ti bó tán, àwọn èèyàn á máa sọ pé àwọn kò tọ́jú àbúrò àwọn. Kí a kó irin náà fún àwọn tó ń ra irin jákujàku. Inú rere ló fi sọ ọ́. Ràfátù fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ibi tí bàbá rẹ̀ ti jó irin pọ̀ lábẹ́ àga, bí ẹni ń wo ara ọmọ tó ní ibà.

Mo ní: "Sùlé, o ṣeun, Ọlọ́run á bá ọ tọ́jú tìrẹ. Gbé tuntun náà sílé, kó máa jókòó sínú rẹ̀ bó bá ń jẹun. Ẹ̀rọ bàbá yín wà nílé ìdáná mi. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e lọ sẹ́nu àgbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó wá pè mí kí n bá a gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí etí mi ṣì wà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bàbá yín kò tíì sọ ọmọ náà kalẹ̀ kúrò lẹ́yìn. Ẹ má bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀."